Ọmọ ń kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú ẹni tí Ọlọ́hun jẹ́ fún un?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Ìjẹ̀bú-Òdé ni mò ń gbé, ọmọ méjì ni Ọlọ́hun fi ta mí lọ́rẹ, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti obìnrin ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sí ilé-kéwú tipẹ́. Ó ń kà á dáadáa, wọ́n tilẹ̀ ti ní ká máa múra wòlímọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ló bi mí pé ta ló dá Ọlọ́hun. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó dákẹ́. Nígbà tó di alẹ́, ó tún ní ṣé iná ni ìyá mi tó ń gbé ní Ìpẹru máa wọ̀, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èmi náà wá bi í pé kí ni ìtumọ̀ Fátíhà tó ń kà lójoojúmọ́, ó ní wọn ò tíì kọ́ àwọn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrun ńkọ́? Àfi kí n pariwo kó tó dìde. Ilé-ìwé àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló ń lọ. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ní ilé-kéwú yẹn ni?

Ìdáhùn: Wàálékúmú sàlámù, ìyá àwọn ọmọ. Ọlọ́hun yóò bá wa wò wọ́n, yóò sì jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ìtutù ojú fún yín. Ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò níbì kankan, a óò dé orí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó ń béèrè pé ta ló dá Ọlọ́hun ti ń ronú nípa Ọlọ́hun, ohun tí a sì tìtorí rẹ̀ rán an lọ kéwú gan-an nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ló kàn ti ṣáájú ọkàn rẹ̀. Ó ti ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun jìnnà, kò sì tíì sí ẹni tó jókòó tì í láti sọ fún un ẹni tí Ọlọ́hun í ṣe.

Jundub ọmọ Abdullah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), sọ bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ní ẹ̀sìn nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lọ́dọ̀ Ànábì. Ó ní ìgbàgbọ́ ni àwọn kọ́kọ́ kọ́ kí àwọn tó kọ́ Àlùkùránì, pé lẹ́yìn náà ni àwọn wá kọ́ Àlùkùránì, tí ìgbàgbọ́ àwọn sì tipa bẹ́ẹ̀ lékún. Ìwé Ibn Majah ni hàdíìsì yìí wà. Ẹ wá wo tiwa. Àlífù, báù, táù la fi ń bẹ̀rẹ̀. A kúrò lórí wàláà, a bọ́ sórí ìwé, a ka Fátíhà, a ka Ámmà, ó di wòlímọ̀, a ránṣọ, a se ìrẹsì, ọmọ kà, gbogbo ayé ṣe kábíárà. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi í pé, “Ta ni Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ohun tí o ń kà yìí?”

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn àáfà ilé-kéwú. Àwọn ló gbé kíké àti kíkà ẹ̀sìn yìí dúró ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kó tó di pé àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bí Ansar-ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a gbé fún wọn ni kíkà, iṣẹ́ tí Ọlọ́hun sì gbé fún òbí kò sí lọ́rùn wọn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè rẹ̀. Ẹ pè é lọ́jọ́ tí ara tù yín, kì í ṣe lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ yín. Ẹ sọ fún un pé, “Ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ yẹn dára. Èsì rẹ̀ wà nínú ohun tí ìwọ fúnra rẹ máa ń kà.” Kí ẹ wá ní kó ka Kul huwallahu. Ó dá mi lójú pé kò ní ṣì í. Bó bá ti ka áyà kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. Sọ pé, Òun ni Ọlọ́hun, Ọ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́hun tí gbogbo ẹ̀dá ń gbé bùkátà wọn tọ̀ lọ, tí Òun kò ní bùkátà sí ẹnikẹ́ni. Kò bímọ, ẹnikẹ́ni kò sì bí I. Kò sì sí ẹnì kan tó bá A dọ́gba.

Áyà mẹ́rin péré ni. Ìkẹta yẹn ni ẹ óò dúró lé lórí. Ẹ bi í léèrè: ta ló bí ẹ? Yóò ní ẹ̀yin ni. Ta ló bí mi? Màmá Ìpẹru. Ta ló bí Màmá? Ẹ jẹ́ kó máa ka àwọn ìyá ìyá rẹ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wá sọ fún un pé gbogbo ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, pé Ọlọ́hun kò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ṣẹ̀dá Rẹ̀. Òun ló ti wà kí “ìgbà kan” tó wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè má mọ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Àgbà pàápàá kò mọ̀ ọ́n tán. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ẹ̀sìn òun ní èsì, pé ìyá òun kò sì sá fún ìbéèrè òun.

Ànábì ti sọ pé irú ìbéèrè yìí máa wá, pé àwọn ènìyàn yóò máa bi ara wọn léèrè títí wọn yóò fi dórí pé ta ló wá dá Ọlọ́hun. Ó ní kí ẹni tó bá kàn án sọ pé, “Mo gba Ọlọ́hun gbọ́.” Àwọn kan nínú àwọn sàhábà tilẹ̀ wá bá a, wọ́n ní àwọn ń rí èrò kan nínú ọkàn àwọn tó wúwo lẹ́nu àwọn láti sọ jáde. Ó bi wọ́n pé, ṣé ẹ ti rí i? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn gbangba nìyẹn. Inú ìwé hàdíìsì tí Imam Muslim kó jọ ni èyí wà. Ẹ wò ó, ìyá wa: Ànábì kò jágbe mọ́ wọn.

Lẹ́yìn Kul huwallahu, ìtàn Ànábì Ibrahim ló kàn, èmi kò sì mọ ìtàn tó dára jù ú lọ fún ọmọdé. Ẹ dúró de alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ kó àwọn méjèèjì jáde sí ìta. Ẹ sọ fún wọn bí òkùnkùn ṣe bo Ibrahim, tó rí ìràwọ̀, tó ní, “Olúwa mi rèé.” Nígbà tí ìràwọ̀ wọ̀, ó ní òun kò fẹ́ràn ohun tó ń wọ̀. Ó rí òṣùpá, òṣùpá náà wọ̀. Ó rí oòrùn, ó ní èyí ló tóbi jù, oòrùn náà wọ̀. Ó wá kọ ojú sí Ẹni tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Inú Súrà kẹfà ni ìtàn yìí wà, láti áyà 76 dé 79. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé ohun tó kọ́ni nínú ìtàn yìí ni pé báyìí báyìí. Ẹ bi wọ́n pé, “Kí ló dé tí Ibrahim fi sọ pé òun kò fẹ́ràn ohun tó ń wọ̀?” Ẹ fetí sí ohun tí àbúrò máa sọ, ọmọ ọdún márùn-ún máa ń rí ohun tí àwa àgbà kò rí.

Ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a mọ̀, ìyẹn ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́hun, àwọn màlékà Rẹ̀, àwọn tírà tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ọjọ́ Ìkẹyìn àti kádàrá, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà wọ́n fún un, yóò sì há a sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí kò le. Ohun tó le ni bí a ṣe ń sọ ọ́. Mo máa ń gbọ́ tí ìyá ń sọ fún ọmọ pé, “Bí o bá tún purọ́, Ọlọ́hun á jó ẹ níná.” Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ jẹ́ òtítọ́, iná jẹ́ òtítọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iná ni ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ orúkọ Ọlọ́hun, yóò máa sá fún Un ni. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo Súrà tí ọmọ yín ń kà, àyàfi ẹyọ kan, Bísímílláhì Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run ni. Ìkẹ́ ni Ọlọ́hun fi ṣáájú. Ẹ̀yin náà ẹ fi í ṣáájú. Bó bá jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó yó, ẹ sọ pé ta ló jẹ́ kí iṣu ewùrà hù? Bí ibà bá fi í sílẹ̀, ta ló wò ó sàn? Tí ọmọ bá ti mọ̀ pé Ọlọ́hun fẹ́ràn òun, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó máa wá lẹ́yìn yóò jẹ́ ìbẹ̀rù ẹni tí kò fẹ́ ba ojú rere jẹ́.

Nípa ìyá yín tó wà ní Ìpẹru, mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn dùn yín ju èyí àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ilé púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí kò ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú ẹbí kan náà, gbogbo ọmọ wa ló sì máa béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ má purọ́ fún un pé gbogbo ẹ̀sìn ọ̀kan náà ni, yóò dàgbà, yóò sì rí i pé ẹ tan òun. Ẹ má sì jẹ́ kó sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Ohun tí mo máa sọ fún un bí mo bá jẹ́ yín nìyí: “Ọlọ́hun nìkan ló ni ìdájọ́. Kò fi í fún ìwọ, kò fi í fún èmi. Màmá wà láàyè, a sì ń bẹ Ọlọ́hun kó fi wá mọ̀nà, kó sì fi àwọn náà mọ̀nà. Ohun tó fi lé wa lọ́wọ́ ni pé ká máa kẹ́ Màmá.”

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Nínú Súrà Luqman, áyà 15, Ọlọ́hun sọ pé bí òbí méjèèjì bá tilẹ̀ ń gbìyànjú láti mú ọ wá orogún fún Òun, má tẹ̀ lé wọn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n máa bá wọn gbé ayé pẹ̀lú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Asma ọmọ Abubakar, tí ìyá rẹ̀ tó ṣì ń bọ̀rìṣà wá kí i, béèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá kí òun ṣe dáadáa sí ìyá òun. Ànábì ní, bẹ́ẹ̀ ni, so okùn ẹbí pọ̀ mọ́ ìyá rẹ. Bí ìyá Asma tó ń bọ̀rìṣà bá ní ẹ̀tọ́ yìí, mélòó mélòó ni ti ìyá yín. Nítorí náà nígbà tí ọlidé bá dé, ẹ jẹ́ kó lọ sí Ìpẹru, kó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, kó gbálẹ̀ fún wọn, kó pọnmi fún wọn, kó sì mú ẹní ìkírun rẹ̀ dání. Ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀ ṣáájú pé kí wọ́n rán an létí tí ìrun bá tó. Mo mọ ìyá-ìyá tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì púpọ̀ tí wọ́n ń ṣe èyí tinútinú.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ti Agẹmọ àti Orò. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní ṣàì gbọ́ nípa wọn. Ẹ sọ fún un gbangba pé a kì í bọ ohun mìíràn lẹ́yìn Ọlọ́hun. Bó bá wá fẹ́ bú àwọn tó ń ṣe é, ẹ dá a lẹ́kun, nítorí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrà kẹfà, áyà 108, láti máa bú ohun tí àwọn mìíràn ń ké pè.

Ó kan Fátíhà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún un ní àkókò. Àsùbáà rákà méjì, Àílà mẹ́rin, Àláásárì mẹ́rin, Màgàríbì mẹ́ta, Ìṣáì mẹ́rin: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Ìyẹn ni pé Mùsùlùmí tó kírun márààrún ti ka Fátíhà ní ìgbà 17 lójúmọ́ kan, láìka náfílà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa sọ tó báyìí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kò yẹ kó má mọ ohun tó ń sọ. Áyà méje ni Fátíhà. Ẹ mú áyà kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn Màgàríbì, kí ẹ tó dìde lórí ẹní, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́ padà fún àbúrò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní gbọ́ ẹ̀kọ́ gígùn.

Kí ẹ sì sọ hàdíìsì yìí fún un, nítorí mo ti rí i tó yí bí àwọn ọmọ ṣe ń kírun padà. Ànábì sọ ohun tí Ọlọ́hun wí, pé Òun ti pín ìrun sí méjì láàárín Òun àti ẹrú Òun, pé ohun tí ẹrú Òun bá béèrè, yóò rí i gbà. Bí ẹrú bá ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá,” Ọlọ́hun á ní, “Ẹrú mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.” Bó bá ní, “Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run,” Ọlọ́hun á ní, “Ẹrú mi yìn mí.” Bó bá dórí, “Ìwọ nìkan là ń sìn, ọ̀dọ̀ Rẹ nìkan la ti ń wá ìrànlọ́wọ́,” Ọlọ́hun á ní, “Èyí wà láàárín èmi àti ẹrú mi.” Títí dé òpin Súrà ni Ọlọ́hun ń dá a lóhùn. Nígbà tí ọmọ bá mọ èyí, kò ní máa sáré kà á mọ́. Yóò máa dúró díẹ̀ láàárín áyà kan sí èkejì. Ẹ ṣọ́ ọ, ẹ óò rí i.

Lórí ìrun àti ariwo. Hàdíìsì tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìwé Abu Dawud ni pé ká pa ọmọ láṣẹ ìrun nígbà tó bá pé ọmọ ọdún méje, ká bá a wí lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọrẹ́ bó bá pé mẹ́wàá tó ṣì kọ̀, ká sì ya ibùsùn wọn sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rántí ọrẹ́, wọ́n gbàgbé ọdún mẹ́ta tó wà láàárín. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, fún ọdún mẹ́ta, lé ní 5,000. Ìyẹn ni iye ìgbà tí Ànábì fún wa láti fi ẹnu tútù pe ọmọ wá sórí ẹní kí ọ̀rọ̀ ìbáwí tó wọ̀ ọ́ rárá. Lẹ́yìn èyí pàápàá, àwọn onímọ̀ sọ pé ọrẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ le, kò gbọ́dọ̀ kan ojú, kò gbọ́dọ̀ dá àpá sí ọmọ lára. Ànábì tó sì sọ hàdíìsì náà fúnra rẹ̀, Anas, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó sìn ín fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, sọ pé Ànábì kò fi ìgbà kankan sọ “ṣíọ̀” sí òun. Ọmọ yín jẹ́ mẹ́sàn-án. Àkókò ìpè ló ṣì wà. Ẹ má gbàgbé ti ibùsùn náà, ó yẹ kí ètò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nílé yín.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ sọ ọ́ di láádánì ilé. Kó jẹ́ òun ni yóò máa pe ìrun fún gbogbo ará ilé, kó fi aago sọ́dọ̀, kó máa ṣọ́ àkókò. Ọmọ tó ń pe ènìyàn wá sídìí ìrun kì í sábà jókòó. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú kó fi parí ohun tó ń ṣe, ẹ má máa já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ní bùútà tirẹ̀ fún àlùwàlá. Ẹ kò sọ̀rọ̀ bàbá wọn nínú lẹ́tà yín. Bí wọ́n bá wà nílé, ẹ̀gbẹ́ bàbá ni ọmọkùnrin yẹn ti máa kọ́ ìrun ju ẹnu yín lọ, kí wọ́n sì máa mú un lọ Jímọ̀. Bó bá jẹ́ pé Èkó ni iṣẹ́ gbé wọn sí, kí wọ́n máa pè é lórí fóònù lásìkò Àsùbáà, kì í ṣe láti bá a wí, láti kí i ni.

Ìrun kò tíì kan àbúrò. Ẹ jẹ́ kó dúró tì yín, kó forí kanlẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kó sáré lọ bó bá sú u. Ànábì gbé Umamah ọmọ ọmọ rẹ̀ dání lórí ìrun, á gbé e sílẹ̀ bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, á tún gbé e bó bá dìde. Ọjọ́ kan wà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó wà ní ìforíkanlẹ̀, tó pẹ́ nílẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó ní ọmọ òun ló gun òun, òun kò sì fẹ́ kán an lójú títí tó fi ṣe é tẹ́rùn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àgbàlagbà tó ń lé ọmọdé jáde ní mọ́ṣáláṣí nítorí pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a lé jáde lónìí, ta ni yóò pè é wọlé lọ́la?

Ààwẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kò kàn wọ́n títí wọn yóò fi bàlágà, ṣùgbọ́n ó dára kí ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin sàhábà máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gba ààwẹ̀ Àṣúrà, wọ́n á fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn, bí ọmọ bá sunkún oúnjẹ, wọ́n á fi fún un títí di ìgbà ìṣínu. Ẹ jí ẹ̀gbọ́n fún sàárì, ẹ jẹ́ kó gbà á dé Àílà lọ́dún yìí, tàbí kó gba òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ní òpin Ramadan, ẹ fi sàká ìtúnu ààwẹ̀ kọ́ ọ. Orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí ènìyàn tó lọ sí Yídì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì àgbàlagbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú oúnjẹ tí à ń jẹ. Kí bàbá wọ́n ìrẹsì tàbí gàrí náà sínú abọ́, kí ọmọ gbé ti orí ara rẹ̀ lọ fún aláìní fúnra rẹ̀. Yóò mọ̀ pé òun náà ní ojúṣe. Sàká owó, tí í ṣe náírà 25 nínú 1,000 lórí owó tó tó ìwọ̀n tó sì pé ọdún lọ́wọ́ ẹni, ẹ lè sọ ọ́ fún un bí ìṣirò. Àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Iléyá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá ní ìlú wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ Ojúde Ọba kó tó mọ Ibrahim. Ó mọ ẹṣin, ó mọ regbẹ́regbẹ́, ó mọ aṣọ tí ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ máa wọ̀. Kò burú, ayẹyẹ tiwa ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀, fún àyè tí wọ́n rí láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní Ìjẹ̀bú, ló bí Ojúde Ọba, pé ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Kí ẹ wá mú un padà sí ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ sọ bí Ibrahim ṣe sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun rí i lójú àlá pé òun ń dúńbú rẹ̀, tó sì bi í pé, “Kí lo rí sí i?” Ọmọ ní, “Bàbá mi, ẹ ṣe ohun tí wọ́n pa yín láṣẹ.” Ànábì Ọlọ́hun, pẹ̀lú àṣẹ ńlá lọ́rùn, ṣì béèrè èrò ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àgbò bá sì ti délẹ̀, ẹ ka áyà 37 inú Súrà Háájì fún un, pé ẹran wọn kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn yín ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Kó bá yín gbé ẹran lọ fún aládùúgbò kí tirẹ̀ tó jinná.

Ní ti ilé-ìwé, òfin wà fún yín. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ má fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, pé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín ṣe é dípò èkejì. Bí wọ́n bá ní kò sí olùkọ́, ẹ kó àwọn òbí Mùsùlùmí tó kù jọ, kí ẹ jọ wá ọ̀kan.

Ilé-kéwú tí ẹ bi mí nípa rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí n sọ pé kí ẹ yọ ọ́ lónìí: bí pàṣán bá ń dá àpá sí i lára. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ lọ kí àáfà, ẹ dúpẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, kíkà ọmọ yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá mú Súrà tuntun, kí wọ́n sọ ohun tó dá lé ní gbólóhùn Yorùbá kan tàbí méjì fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì fàyè gba ìbéèrè. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún wòlímọ̀ síwájú títí yóò fi lè sọ ìtumọ̀ Fátíhà àti àwọn Súrà kéékèèké ìsàlẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ náà, lẹ́yìn tó bá ti kà tán, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún àwọn tó wá bá yín yọ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe ìyá yín láti Ìpẹru, kí wọ́n jókòó níwájú.